MP3 àbí FLAC? Àlàyé lórí bá a ṣe ń kó orin inú CD sórí kọ̀ǹpútà, fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tá a fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún màmá wa, gbogbo CD jùjú àti àpàlà tí wọ́n fẹ́ràn ló wà nílé, ni mo bá ní kò le, mo ki CD bọ láptọ̀ọ̀pù, mo ṣí i, mo rí Track01, Track02 títí dé Track08, mo kọ́pì gbogbo ẹ̀ sórí fláàṣì, kó tó di pé mo ṣẹ́jú ó ti parí. Mo tiẹ̀ dán an wò lórí láptọ̀ọ̀pù yẹn, ó ń kọrin dáadáa. Mi ò mọ̀ pé CD tó ṣì wà nínú láptọ̀ọ̀pù ló ń kọ. Ọjọ́ ìnáwó dé, àwọn àlejò ti jókòó, DJ ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ, ó yí ojú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan ńbí o." Fáìlì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ báìtì 44 péré ni ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun tó fà á nìyí. CD orin ò dà bíi fláàṣì tí wọ́n kó fáìlì sí. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀ tó ń yí po láti àárín bọ̀ síta, nọ́ńbà ló sì kún inú ìlà yẹn: fún ìṣẹ́jú àáyá kan orin, nọ́ńbà 44,100 fún etí ọ̀tún, 44,100 fún etí òsì, kálukú wọn sì jẹ́ bit 16 (ìyẹn bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó). Sony àti Philips ló jọ fẹnu kò lórí ẹ̀ lọ́dún 1980, CD bọ́ sọ́jà ní Jàpáánù lọ́dún 1982, bó sì ṣe wà nìyẹn títí dòní. Àwọn fáìlì Track01, Track02 yẹn, tó ní .cda lẹ́yìn, tí Windows ń fi hàn yín, àdírẹ́sì lásán ni wọ́n, ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé "orin kẹta bẹ̀rẹ̀ níbí, ó parí lọ́hùn-ún". Tẹ́ ẹ bá kọ́pì àdírẹ́sì ilé, ilé ò ní tẹ̀ lé yín.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń rípì. Kọ̀ǹpútà á jókòó, á ka àwọn nọ́ńbà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á wá dì wọ́n sínú fáìlì. Iṣẹ́ méjì ni o, kíkà àti dídì. Gbogbo àríyànjiyàn tẹ́ ẹ máa ń gbọ́, "lo FLAC", "lo EAC", "320 ti tó jàre", ọ̀rọ̀ kíkà lẹni kan ń sọ, ọ̀rọ̀ dídì lẹnì kejì ń sọ (EAC ni sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kà á, FLAC àti MP3 320 ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í), wọ́n á sì máa bú ara wọn bíi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èmi gbà pé kíkà ló ṣe pàtàkì jù, torí ohun tẹ́ ẹ bá kà dáadáa, ẹ lè dì í bó ṣe wù yín lọ́la, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá kà lódì, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dì í tó máa dáa.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló wá le nínú kíkà, ṣebí kọ̀ǹpútà ń ka CD tí wọ́n fi ń fi Windows sí ẹ̀rọ, kì í sì í ṣì í kà. Ọ̀tọ̀ ni CD dátà, ọ̀tọ̀ ni CD orin. Wọ́n gé ohun tó wà lára CD sí ègé kéékèèké, ègé 75 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì 2,352 ló sì wà nínú ègé kan. CD dátà ń fi 2,048 gbé fáìlì, nínú ìyókù ló ti ń rí ohun tó fi ń ṣọ́ra, kó lè mọ̀ tí nǹkan kan bá bàjẹ́ kó sì tún un ṣe. CD orin ní tiẹ̀ fi gbogbo 2,352 kọrin. Kì í ṣe pé wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò o, àtúnṣe kan ṣì wà nísàlẹ̀ tó lè dí ibi tó họ tó gùn tó bíi mílímítà méjì àbọ̀ láìsí ohun tó sọnù. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, dráífù á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, á wo nọ́ńbà tó ṣáájú, á wo èyí tó tẹ̀ lé e, á fi nǹkan kan há àárín wọn, kò sì ní sọ fún yín. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ ń wa mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ẹ máa gbọ́ "tàìn" láàárín orin, CD ọ̀hún ẹ sì ti fi ta ẹnì kan lọ́rẹ.

Ibẹ̀ ni sọ́fítíwíà ti wúlò. Èyí tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ jù fún Windows ni Exact Audio Copy, EAC ni wọ́n ń pè é, ará Jámánì kan, Andre Wiethoff, ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ojú ẹ̀ ò wuyì rárá, bíi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọba ayé àtijọ́ ló rí, àmọ́ ìwà tó ní ni pé kò gba dráífù gbọ́. Tẹ́ ẹ bá yan secure mode, á ka ibì kan, á tún un kà, bí méjèèjì ò bá bára mu á padà síbẹ̀ lákàátúnkà, tó bá wá sú u pátápátá á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tó ń ṣe ní ìparí pé ibi báyìí báyìí nínú orin karùn-ún, kò dá òun lójú. Ìyẹn gan-an la fẹ́, ká mọ ibi tó ti bàjẹ́ nígbà tí CD ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Nǹkan kejì tó jẹ́ kí n fẹ́ràn irú àwọn sọ́fítíwíà yìí ni AccurateRip. Tẹ́ ẹ bá ti rípì tán, á ṣírò nọ́ńbà kan látinú orin yẹn, á gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ fi wé ti àwọn tó ti rípì irú CD yẹn rí káàkiri ayé. Tó bá bá ti èèyàn mẹ́wàá mu, tí dráífù wọn ò sì jọ tiyín, kò sí bí gbogbo yín á ṣe ṣe àṣìṣe kan náà níbì kan náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀ fún àwa tí CD fuji kún ilé wa, torí bí kò bá sẹ́ni tó ti rípì CD yẹn ṣáájú yín, AccurateRip á kàn ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ dààmú. Ẹ lọ sí Test & Copy nínú EAC, á ka orin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì pátá, á kọ nọ́ńbà àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní CRC ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì síwájú yín, tí méjèèjì bá jọra, ó kéré tán ẹ mọ̀ pé ohun kan náà ni dráífù rí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó máa ń pẹ́ o, pàápàá tí CD bá ti họ, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sè ẹ̀wà.

Ẹ tún máa rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní offset nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣètò EAC, ó sì máa ń dẹ́rù bani. Ohun tó túmọ̀ sí ò ju pé dráífù kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà ṣáájú tàbí lẹ́yìn ibi tó yẹ, pẹ̀lú ìwọ̀nba nọ́ńbà díẹ̀ tí etí kankan ò lè gbọ́. Torí àtilè fi tiyín wé tàwọn ẹlòmíì ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá fi CD kan tí AccurateRip mọ̀ sínú ẹ̀, sọ́fítíwíà á ṣètò ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ẹni tí EAC bá sú, tó sì lówó díẹ̀ lọ́wọ́, dBpoweramp rọrùn jù ú lọ fíìfíì, àwọn tó ṣe é gan-an ló dá AccurateRip sílẹ̀. CUERipper náà wà fún Windows, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní ibì kan tí wọ́n ń tọ́jú dátà àtúnṣe sí, tó jẹ́ pé nígbà míì ó lè tún ibi tó bàjẹ́ díẹ̀ ṣe tó bá jẹ́ CD tí àwọn míì ti rípì dáadáa. Ẹni tó ń lo Mac, XLD ni kó wá, ẹni tó ń lo Linux, whipper. fre:ac ń ṣiṣẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo máa ń fún àwọn tí kò fẹ́ wàhálà. iTunes náà ń ṣe é, ẹ kàn rí i pé ẹ fàlà síbi tó ní kó máa tún àṣìṣe ṣe tó bá ń ka CD. Windows Media Player? Tí CD bá mọ́ tónítóní, kò burú, àmọ́ ẹ yẹ sẹ́tíìnì wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí èyí àtijọ́ máa ń dì í sí WMA, fọ́máàtì Microsoft, láìbéèrè lọ́wọ́ yín, WMA sì ti di ohun tí ẹ̀rọ púpọ̀ kì í fẹ́ rí sójú mọ́.

Kẹ́ ẹ tó máa bú sọ́fítíwíà, ẹ nu CD. Aṣọ tó múlọ́múlọ́ ni, ẹ fà á láti àárín bọ̀ sí etí tààrà, ẹ má yí i po bíi pé ẹ̀ ń fọ abọ́, torí tó bá họ yíká, gbogbo ibi tó họ á wà lójú ọ̀nà ibi tí ìlà orin gbà, àtúnṣe tí mo sọ lókè yẹn ò ní ká a. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé òkè tí wọ́n kọ orúkọ akọrin sí ló ṣẹlẹgẹ́ jù. Abẹ́ ìpara fẹ́lẹ́ tó wà lókè yẹn gan-an ni ohun tó ń dán bíi fàdákà náà wà, tí bíírò bá họ ọ́, ó ti tán. Ìsàlẹ̀ ní tiẹ̀ ní ike tó nípọn tó bo ohun tó wà nínú. Àwọn CD tẹ́nì kan fi kọ̀ǹpútà jó, ìyẹn CD-R, ẹ tètè rípì wọn kí tilé iṣẹ́ tó kàn, oòrùn dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé. Láptọ̀ọ̀pù tuntun kì í sábàá ní ojú CD mọ́, ẹ ra dráífù DVD tó ń lo USB, ara láptọ̀ọ̀pù ló ti ń mu iná, kódà bí NEPA bá mú iná lọ láàárín orin kẹfà, bátìrì á gbé e parí.

Ó yá, dídì wá kù.

Ẹ wò ó báyìí. Orin tẹ́ ẹ kà kúrò lára CD dà bí agbádá tẹ́ ẹ tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. WAV ni tẹ́ ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ láìká a, ìṣẹ́jú kan orin lé ní MB 10, CD oníwákàtí kan á tó nǹkan bíi MB 635. FLAC ni tẹ́ ẹ bá ká agbádá náà dáadáa sínú àpótí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tú u, agbádá kan náà ni, okùn kan ò já lára ẹ̀. MP3 ni kí télọ̀ gé ibi tí kò hàn síta kúrò kó lè wọ báàgì kékeré. Ó lè gé e débi pé tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ lọ òde ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ohun tó gé ti lọ ṣá.

Ọgbọ́n tí MP3 ń lò fún gígé yìí dáa gan-an, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú tín ín rín. Àwọn ará ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀, 1995 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ .mp3, etí wa ni wọ́n sì fi ṣe òdiwọ̀n. Tí ìyáàlù bá ń dún lala tí ohùn kékeré kan ń dún lábẹ́ ẹ̀, etí ò ní gbọ́ kékeré yẹn, MP3 á ní kí wá ni mo ń gbé e kiri fún, á jù ú nù. CD jẹ́ kbps 1,411 (ìyẹn iye kilobit tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), MP3 tó tóbi jù jẹ́ 320, èyí táwọn èèyàn ń kó kiri láyé àtijọ́ jẹ́ 128. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti gé orin kan jù, ẹ má wulẹ̀ tẹ́tí sí ohùn akọrin, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo máa ń tú àṣírí MP3, ní 128 ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù lọ́nà jíjìn, ẹnu agogo tó yẹ kó mú ṣáṣá á kú.

Ní 320, ká má parọ́ fúnra wa, èmi náà ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo máa mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ sí FLAC, ká má tíì sọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún. Tó bá wá jẹ́ sípíkà Bluetooth lẹ fi ń gbọ́ ọ, ìyẹn gan-an máa tún orin gé kó tó gbé e jáde, FLAC ò ní ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀. Ṣé kí n wá lo MP3 nìyẹn? Rárá. Etí yín tòní nìkan kọ́ lẹ̀ ń rípì fún. Tẹ́ ẹ bá ní FLAC, lọ́la ẹ lè sọ ọ́ di MP3 fún mọ́tò, ẹ lè sọ ọ́ di Opus fún fóònù tí àyè ẹ̀ ò tó, tí fọ́máàtì míì bá tún dé lọ́dún mẹ́wàá sí i ẹ lè sọ ọ́ di ìyẹn náà, láì tún wá CD kan kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá jẹ́ MP3 lẹ ní, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di nǹkan míì, wọ́n á tún gé lára èyí tí wọ́n ti gé. Ẹ sì gbọ́ o, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ sọ MP3 di FLAC padà kó dára sí i, fáìlì á tóbi lóòótọ́, inú yín á dùn, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ ẹ̀bà di gàrí padà?

Àyè gan-an kì í ṣe ìṣòro mọ́. Ọgọ́rùn-ún CD ní FLAC á tó GB 35 sí 40 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, fláàṣì GB 64 á gbà á.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń da orí rú lórí FLAC. Ẹ máa rí nọ́ńbà 0 sí 8, àwọn èèyàn á sì rò pé 8 ló dún dáa jù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń dún, agbára tí kọ̀ǹpútà fi ń ká aṣọ náà ló yàtọ̀, 8 á kéré díẹ̀ ju 0 lọ, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dì í tán. 5 ni wọ́n sábà máa ń ṣètò ẹ̀ sí, ẹ fi í bẹ́ẹ̀. Ẹ tún máa rí ibi tẹ́ ẹ ti lè yan 24 bit tàbí 96,000, ẹ má fọwọ́ kàn án, bit 16 àti 44,100 ló wà lára CD, tẹ́ ẹ bá mú un tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ afẹ́fẹ́ lẹ fi kún un.

Ẹni tó ń lo iPhone tó sì ń fi iTunes kó orin, iTunes ò gba FLAC, kí onítọ̀hún lo ALAC, ti Apple ni, òun náà kì í gé nǹkan kan, ẹ lè sọ FLAC di ALAC kẹ́ ẹ tún sọ ọ́ padà nígbà ẹgbẹ̀rún láìsí ewu. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé .m4a ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀yìn fáìlì ALAC, .m4a náà ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀yìn AAC tó ń gé nǹkan. Orúkọ ẹ̀yìn fáìlì ò lè sọ fún yín, ìwọ̀n ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: orin ìṣẹ́jú márùn-ún tó bá jẹ́ MB 10, AAC ni, tó bá ti ń lọ sí 30, ALAC ni.

Ọ̀rọ̀ kan tó kan àwa olórin jùjú àti fuji jù ni ti àlàfo. Akọrin wa kì í dákẹ́. Wọ́n á ti orin ìkíni bọ́ sí orin ọ̀rẹ́, wọ́n á ti ibẹ̀ bọ́ sí ti ìlú, onílù ò ní sinmi, lórí CD wọ́n kàn lè gé e sí track mẹ́fà níbi tó wù wọ́n. MP3 sì máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tín-ń-tín kún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fáìlì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, tí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ọ ò bá mọ bó ṣe máa fò ó, ẹ máa gbọ́ bí ìlù á ṣe kọsẹ̀ láàárín track kejì sí ìkẹta. FLAC kì í ní ìyẹn. Fún MP3, ẹ lo èyí tí wọ́n fi LAME, sọ́fítíwíà kan tó ń ṣe MP3, dì, ó máa ń kọ iye tó fi kún un sínú fáìlì kí ẹ̀rọ tó gbọ́n lè yọ ọ́. Ẹ̀rọ mọ́tò mi ò gbọ́n, nítorí náà orin tó bá jẹ́ àlọ-má-dúró, fáìlì kan gbọọrọ ni mo máa ń sọ gbogbo CD yẹn dà fún mọ́tò.

Orúkọ orin náà wà ńbẹ̀. Kò sí orúkọ orin lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ CD, sọ́fítíwíà á wo iye orin àti bí kálukú ṣe gùn tó, á fi lọ bèèrè lọ́dọ̀ MusicBrainz tàbí irú wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ orin sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. CD wa lè má sí níbẹ̀, tó bá sì wà ó lè jẹ́ pé ẹnì kan tí ò gbọ́ Yorùbá ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín látara ìwé inú páálí. FLAC á gba àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà dáadáa, àmọ́ ẹ̀rọ mọ́tò lè sọ "Ẹ̀gbẹ́" di onígun mẹ́rin mẹ́ta àti lẹ́tà méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ àmì pé pérépéré sínú FLAC tó wà nílé, tí mo sì ń yọ gbogbo ẹ̀ nínú MP3 mọ́tò.

Kó tó di pé ẹ dáúnlóòdù ohunkóhun gan-an, ẹ wo CD náà dáadáa bóyá CD orin ni, torí ọ̀pọ̀ nínú ohun tá a rà lọ́jà tá a ń pè ní CD, kì í ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ bá orin ọgọ́rùn-ún tó ní .mp3 lẹ́yìn, wọ́n ti dì í fún yín tẹ́lẹ̀, kò sí rípì níbẹ̀, ẹ kọ́pì ẹ̀ bí fáìlì, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín láti sọ ọ́ di FLAC. Tẹ́ ẹ bá bá fódà tó ń jẹ́ MPEGAV tí .DAT wà nínú ẹ̀, VCD ni, fídíò ni, orin tó wà níbẹ̀ jẹ́ kbps 224, ẹ kọ́pì .DAT yẹn, sọ́fítíwíà VLC á ṣí i. Lórí Windows, èyí tó bá fi .cda hàn nìkan ni CD orin tá a ń sọ.

Tẹ́ ẹ bá wá ń kó o fún DJ, láti inú FLAC yẹn ni kẹ́ ẹ ti ṣe MP3 320 sórí fláàṣì. Ẹ yọ CD kúrò, ẹ yọ fláàṣì, ẹ ki í bọ ẹ̀rọ ẹlòmíì tí kò rí CD yẹn rí, kẹ́ ẹ tó jáde nílé.